Ẹ̀yin lẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé òkú: lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gbẹ́ni Rufus Griswold

Ọ̀gbẹ́ni Griswold,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kú láti 1857, ẹ jẹ́ n fo ìyẹn. "Ẹ̀yin" ni màá máa pè yín jálẹ̀ o, kì í ṣe pé mo bọ̀wọ̀ fún yín, bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni, mi ò lè máa pe ẹni tó jù mí lọ ní "ìwọ", pàápàá ẹni tó tún gba ìwé àṣẹ ìwàásù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àmọ́ ọ̀wọ̀ inú lẹ́tà yìí ò kọjá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Ọ̀rọ̀ Edgar ni mo bá wá. Edgar Allan Poe, akéwì àti òǹkọ̀wé ìtàn ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin olóòtú ìwé náà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀, èyí tí ọkàn òkú ń lù kìkì lábẹ́ pákó ilẹ̀ títí ẹni tó pa á fi jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá láìsí ẹni tó bi í. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìtàn yẹn nínú ìwé náà, wọ́n fi bí ìlà mẹ́fà ṣàlàyé ẹni tó kọ ọ́: ọ̀mùtí ni, ó ń ta tẹ́tẹ́, wọ́n lé e ní yunifásítì, kò lọ́rẹ̀ẹ́, ojú títì ni wọ́n ti rí i kó tó kú. Tíṣà wa kà á sókè ketekete, ó ní ẹ rí i, kéèyàn lọ́pọlọ kó má níwà, ohun tó ń dà nìyẹn. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ̀ pé ẹnu yín ni ìlà mẹ́fà yẹn ti jáde, pé ó gba orí omi, ó gba ilé ìtẹ̀wé lónírúurú, ó wá jókòó sí orí tábìlì mi bí ẹni pé òtítọ́ ni.

Edgar kú ní October 7, 1849, ọjọ́ Sunday, ní Baltimore. Ọjọ́ kejì wọ́n sin ín, àwọn tó wà níbẹ̀ ò tó mẹ́wàá. Nígbà tó máa fi di October 9, tí erùpẹ̀ orí sàréè ò tíì gbẹ, ọ̀rọ̀ yín ti wà nínú ìwé ìròyìn New York Tribune: Edgar Allan Poe ti kú, ìròyìn yìí á ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, àmọ́ àwọn tó máa dùn ò ní tó nǹkan. Ẹ ní kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Ẹ kọ gbogbo ìyẹn tán, ẹ wá fọwọ́ sí i pé "Ludwig".

Ludwig kẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, níbi ìsìnkú, wọ́n máa ń kéde pé ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè kó jáde kó sọ ọ́, lójú ẹbí, lójú gbogbo ayé, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe san án. Ẹ̀yin náà ní gbèsè tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òkú yìí, ó hàn. Ẹ ò jáde. Ẹ fi gèlè bo ojú ẹ wá ń sọ̀kò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò gbèsè náà, màá tiẹ̀ bá yín kà á, mi ò ní yàn yín jẹ. Ní 1842 ẹ kó ewì àwọn ará Amẹ́ríkà jọ sínú ìwé ńlá kan, ewì mẹ́ta péré lẹ mú nínú ti Edgar, àwọn tí kò tó o lẹ fún láyè rẹpẹtẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ó kúrò nídìí iṣẹ́ olóòtú ní Graham's Magazine ní Philadelphia, ẹ̀yin ni wọ́n gbé sórí àga rẹ̀, $800 ni wọ́n ń san fún un lọ́dún, ẹ̀yin $1,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú gbọ̀ngàn kan ní Philadelphia yẹn, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ewì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó fa ìwé yín ya lójú èrò. Ẹnu Edgar mú, mi ò ní parọ́, ó mú bí abẹ tuntun. Ó pe Longfellow lólè ewì, Longfellow akéwì tí gbogbo ìlú ń gbé gẹ̀gẹ̀. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ Fanny Osgood wà nínú ẹ̀, obìnrin akéwì tí ẹ̀yin méjèèjì ń wò lójú kan náà. Gbogbo gbèsè náà nìyẹn o: ìyangàn, ipò, àti obìnrin. Ẹ fi pamọ́ fún ọdún mẹ́fà, ẹ ń bá a rẹ́rìn-ín bá a jẹun, ẹ tiẹ̀ ń yá a lówó nígbà míì, ẹ wá dúró kó kú.

Ibi tí ẹ ò fẹ́ káwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí ka ayé rẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Òṣèré tíátà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Boston ni wọ́n bí i sí, January 19, 1809. Kò pẹ́ tí bàbá fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá wá ń ti ìlú kan dé ìlú kan pẹ̀lú ọmọ lápá, alẹ́ ni orí ìtàgé, ọ̀sán ni ìrìn àjò, títí ikọ́ ife fi dá a dúbúlẹ̀ ní Richmond ní Virginia. December 1811 ló kú. Ọmọ ọdún 24 ni. Edgar ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ fi 24 yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ló fi sáyé, wọ́n fọ́n wọn ká. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin wà lọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá ní Baltimore, Rosalie tó kéré jù lọ sọ́dọ̀ ìdílé kan, Edgar lọ sọ́dọ̀ John Allan, oníṣòwò tábà ní Richmond. Ìyàwó Allan, Frances, fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni pé òun ló bí i. Ọkọ ní tiẹ̀ fún un ní oúnjẹ, aṣọ, ilé ìwé, ó tiẹ̀ mú un lọ sí London fún ọdún márùn-ún, àmọ́ kò fìgbà kankan lọ sí kọ́ọ̀tù lọ sọ ọ́ di ọmọ. Allan tó wà láàárín orúkọ Edgar yẹn, orúkọ tí wọ́n yá a ni. Ẹni tó bá ti jẹ ọmọ àgbàtọ́ rí á mọ ohun tí mò ń sọ, kéèyàn máa jẹun nídìí tábìlì kó sì máa wojú ẹni tó ni tábìlì.

Ní 1825, Allan jogún owó rẹpẹtẹ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kan, ó di olówó gidi. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Edgar wọ Yunifásítì Virginia. Edgar fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé $110 ni Allan fi ránṣẹ́ òun níbi tí ọdún kan ti ń ná èèyàn ní $350. Àwọn ọmọ olóko tó ní ẹrú ló yí i ká, tí wọ́n ń ta káàdì lálaalẹ́, òun náà bá jókòó tì wọ́n, ó rò pé òun á fi tẹ́tẹ́ dí ihò yẹn, ó wá jìn sí i, nǹkan bí $2,000. Allan ní òun ò san. Ó tán.

Ẹ̀yin kọ ọ́ pé wọ́n lé e ni. Wọn ò lé e! Ní December yẹn ó yege dáadáa nínú ìdánwò Látìnì àti Faransé, ilé ló gbà lọ tí kò rówó padà. Ọmọ tí wọ́n lé níléèwé ọ̀tọ̀, ọmọ tí wọn ò sanwó iléèwé fún ọ̀tọ̀, èmi tí mo ti jókòó sílé fún odindi sáà kan rí nítorí owó, tí àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé kí ni mo ṣe tí wọ́n fi lé mi, mo mọ bí irọ́ yẹn ṣe ń ta èèyàn lára.

Ó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ní 1827, ó pe ara rẹ̀ ní Edgar A. Perry, ọmọ ọdún 18 ni, ó ní òun jẹ́ 22. Lọ́dún yẹn náà ló tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Boston, bí 50 ẹ̀dà, orúkọ rẹ̀ ò sí lára ẹ̀. Kó tó pé ọdún méjì ó ti di sájẹ́ńtì mejọ̀, ipò tó ga jù tí ẹni tí kì í ṣe ọ́físà lè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀mùtí aláìníwà wo ni ọ̀gá ṣọ́jà ń gbé ga báyẹn? Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé Frances ń kú lọ, February 1829. Nígbà tó máa fi dé Richmond, wọ́n ti sin ín ní àná. Ìyá kejì nìyẹn.

West Point, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ́físà ṣọ́jà, òun ló bá ara rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀, mi ò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n bo ìyẹn. Ó kọ̀ ó ní òun ò ní lọ sí párèédì, òun ò ní lọ sí kíláàsì, wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ṣọ́jà ní 1831, wọ́n lé e. Ẹ rí i, tí wọ́n bá lé e mo máa ń sọ pé wọ́n lé e. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní kò lọ́rẹ̀ẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́jà West Point yẹn náà ló dáwó jọ kó lè tẹ ìwé ewì rẹ̀ kẹta lọ́dún yẹn, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún wọn. Ta ló ń dáwó fún ẹni tí kò lọ́rẹ̀ẹ́?

John Allan kú ní 1834. Kọ́bọ̀, kò fi sílẹ̀ fún un.

Ilé àǹtí rẹ̀ ló forí lé ní Baltimore, Maria Clemm, opó tó ń ránṣọ tó tún ń gba àwọn èèyàn sílé kí wọ́n lè jẹun. Màmá yìí ló di ìyá kẹta, òun sì ni kò kú mọ́ ọn lójú. Ọmọ rẹ̀ Virginia ni Edgar fẹ́ ní 1836. Ọmọ ọdún 13 ni ọmọ náà, Edgar ti di 27, wọ́n sì kọ sínú ìwé pé ọmọ ọdún 21 ni. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tí màá fi gbe ìyẹn lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ni, kí ló dé tí wọ́n fi parọ́ ọjọ́ orí?

Iṣẹ́ ló wá ń ṣe, iṣẹ́ ọpọlọ tí kò mówó wọlé. Richmond, Philadelphia, New York, mágàsíìnì kan sí òmíì, ó ń gbé títà wọn sókè, olówó ló ń jèrè. Ní 1841 ló kọ ìtàn ìpànìyàn kan ní Paris tí ọkùnrin kan fi làákàyè nìkan tú àṣírí ẹ̀, gbogbo àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí à ń kà tí à ń wò títí dòní, ìdí ibẹ̀ ni wọ́n ti hù. Ìbá ṣe pé ó ní ìpín díẹ̀ nínú ohun tó pilẹ̀ ni.

January 1842 ni ibi dé. Virginia ń kọrin nínú ilé wọn ní Philadelphia, ẹ̀jẹ̀ gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ikọ́ ife. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn tó ń sàn díẹ̀ tó tún ń wó lulẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn yẹn fúnra rẹ̀ ló ń pa ẹni tó ń tọ́jú, ọjọ́ tó bá jí tó ní òun fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ni, ọjọ́ tí ara yá yẹn. Edgar ṣàlàyé ẹ̀ nínú lẹ́tà kan tó kọ ní January 1848. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ tí iṣan yẹn bẹ́ òun ti dágbére fún ìyàwó òun, òun ti sọkún òkú rẹ̀ tán, ara rẹ̀ bá tún yá, òun tún nírètí, lẹ́yìn ọdún kan iṣan tún bẹ́, ó tún yá, ó tún bẹ́, ó tún bẹ́. Ó ní orí òun dàrú, ìgbà tí orí òun bá ti dàrú báyẹn lòun ń mutí, òun ò ní mọ iye ìgbà tàbí iye tí òun mu. Ó wá ní àwọn ọ̀tá òun sọ pé ọtí ló fa wèrè, dípò kí wọ́n sọ pé wèrè ló fa ọtí.

Ọ̀gbẹ́ni Griswold, mo ti ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Ó dá yín lóhùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀!

Inú ìyẹn ló ti kọ ewì ẹyẹ ìwò, tó jáde nínú Evening Mirror ní New York ní January 29, 1845, tí gbogbo ìlú ń kà lórí, tí wọ́n ń pè é wá sílé àwọn èèyàn ńlá kó wá kà á fún wọn nínú iná tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, kó tó padà sílé tí kò sí èédú. Ọkùnrin kan jókòó lóru, olólùfẹ́ rẹ̀ ti kú, ẹyẹ kan wọlé, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹyẹ náà mọ̀, pé láéláé kò ní sí mọ́, ọkùnrin náà mọ̀ pé ìdáhùn kan yẹn ló mọ̀, ó wá ń bi í ní ìbéèrè tó máa dùn ún jù lọ. Virginia ṣì wà láàyè nígbà tó kọ ọ́ o. Ó ń fi ọ̀fọ̀ dánra wò.

Ilé kékeré kan ní Fordham, lẹ́yìn ìlú New York nígbà náà, ni wọ́n kó lọ ní 1846. Obìnrin kan tó lọ wò wọ́n nígbà òtútù ní orí koríko gbígbẹ ló bá Virginia, aṣọ funfun wà lórí ẹ̀ àmọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ò sí, kóòtù Edgar ni wọ́n fi bò ó, olóńgbò ńlá kan wà láyà rẹ̀. Kóòtù àti olóńgbò yẹn nìkan ló ń mú un móoru, àfi ọwọ́ rẹ̀ tí ọkọ dì mú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ìyá dì mú. Ó kú ní January 30, 1847. Ẹ rántí nọ́ńbà tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn? Ọmọ ọdún 24.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọdún méjì tó kù. Ó mu, ó dá a dúró, ó tún mu. Ìgbà ẹ̀rùn 1849 ó wà ní Richmond, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó búra pé ọtí ò ní kan ẹnu àwọn mọ́, ó tún padà rí Elmira, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn kó tó lọ yunifásítì, tó ti di opó báyìí, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. September 27 ló kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pòórá. October 3, ọjọ́ ìbò ní Baltimore, òǹtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Joseph Walker rí i ní ilé ọtí kan tí wọ́n fi ṣe ibùdó ìdìbò, kò mọ ibi tó wà, aṣọ ọrùn rẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Walker kọ ìwé pélébé sí Dókítà Snodgrass tó mọ̀ ọ́n pé kó tètè máa bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní họ́sípítù, kò rí ara rẹ̀ kó jọ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní jàǹdùkú olóṣèlú ló jí i gbé tí wọ́n rọ ọ́ lọ́tí kó lè máa dìbò kiri, torí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Baltimore nígbà náà, wọ́n á tiẹ̀ pààrọ̀ aṣọ fún èèyàn kó lè tún tò sórí ìlà. Àwọn kan ní ọpọlọ ló ń ṣe é, àwọn míì ní dìgbòlugi. Ẹjọ́ yẹn ò tíì parí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ti dá a láàárín ọjọ́ méjì.

Ká ní ẹ dúró síbẹ̀, mi ò bá má kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn, ọ̀sẹ̀ kan ó ti di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Àmọ́ ẹ tọ màmá lọ. Maria Clemm tí kò ní ọkọ, tí kò lọ́mọ mọ́, tí Edgar nìkan ló kù fún, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa bójú tó gbogbo ohun tí Edgar kọ, ẹ̀ ń sọ káàkiri pé Edgar ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Rosalie wà láyé, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, òun lòfin mọ̀ sí ogún yẹn, wọn ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ kó lẹ́tà rẹ̀, ẹ kó ìwé rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1850, ó tà. Èwo ni màmá rí níbẹ̀? Ẹ̀dà ìwé mélòó kan, pé kó máa gbé e kiri kó lọ tà á. Ilé àwọn aláìní ní Baltimore ló kú sí ní 1871, ilé kan náà tó jẹ́ họ́sípítù tí Edgar kú sí nígbà tirẹ̀.

Inú ìwé yẹn náà lẹ wá fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ há. Ẹni tó ra iṣẹ́ ọkùnrin náà, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣe ayédèrú lẹ́tà, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu, pé ó ń yìn yín, pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé ó ń bú àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ Ludwig, ẹ ní ó jọ ẹnì kan nínú ìtàn àròsọ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó jáde láìpẹ́ nígbà náà, ẹ wá da ìwà ẹni náà kọ gbọọrọ, ìbínú, ìlara, ìgbéraga. Nígbà tí ẹ tún un kọ sínú ìwé, ẹ yọ àmì àyọlò kúrò. Ẹni tí kò sí láyé rí lẹ fi rọ́pò ẹni tó wà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiyín lọ fún 91. Àwọn èèyàn ti ń pariwo látìgbà yẹn o, Willis olóòtú kọ tirẹ̀ ní October yẹn náà, Graham tó gba ẹ̀yin méjèèjì síṣẹ́ kọ tirẹ̀ ní 1850, Sarah Helen Whitman tí Edgar fẹ́ fẹ́ nígbà kan kọ odindi ìwé ní 1860, ní Faransé akéwì Baudelaire béèrè pé ṣé kò sófin ní Amẹ́ríkà tó ní kí ajá má wọ itẹ́ òkú ni. Ẹ̀yin ni ajá yẹn. Àmọ́ 1941 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Arthur Hobson Quinn tó gbé lẹ́tà tí Edgar kọ àtèyí tí ẹ tẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà sí ìlà, tí gbogbo èèyàn fi rí ibi tí ọwọ́ yín dé. Ìwé tó wà lórí tábìlì mi ní sẹ́kọ́ńdìrì ò tíì gbọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀yin lẹ bá a polówó. Àwọn èèyàn fẹ́ rí ẹni burúkú yẹn, wọ́n ń ra ìwé rẹ̀ torí ìyẹn, wọ́n wá ń rí ewì.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà sí òkú dípò kí n lọ sùn. Ẹni burúkú lásán ò lè gbà mí lákòókò báyìí.

November 1842, Caroline ìyàwó yín bímọ, òun àti ọmọ kú. Wọ́n ní ẹ ò kúrò nídìí pósí nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní nígbà tí wọ́n sin ín ẹ dì mọ́ pósí tí wọn ò fi lè já yín kúrò. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ìgbà tí àwa ń pe èèyàn jọ ṣe àdúrà fún òkú tí a ń pín oúnjẹ, ẹ̀yin nìkan lẹ padà síbi ibojì yẹn, ẹ ṣí pósí, ẹ fi ẹnu kò ó níwájú orí, ẹ gé irun rẹ̀ díẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ ń sunkún, títí ọ̀rẹ́ yín kan fi wá bá yín níbẹ̀.

Mo kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀. Torí ẹ̀yin náà mọ ewì tí ẹ tẹ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀ Ludwig. Ewì tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ rí, tí Edgar fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, inú ìwé ìròyìn yẹn láyé ti kọ́kọ́ rí i, lábẹ́ gbogbo èébú yẹn. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú léwe, tó ń lọ dùbúlẹ̀ tì í lálaalẹ́ nínú ibojì rẹ̀ létí òkun. Gbogbo New York, gbogbo Amẹ́ríkà, ta ló tún lè ka ewì yẹn bí ẹ̀yin ṣe máa kà á? Ẹ ti ṣe é rí. Ẹ mọ bí otútù ibẹ̀ ṣe rí. Edgar kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ lọ síbẹ̀. Ẹ wá mú un, ẹ fi pàǹtírí bo orí ẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹlòmíì sí i.

Sàréè rẹ̀ ò ní òkúta tó ní orúkọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀kan, rélùwéè ya bàrà wọ ọgbà agbẹ́kùúta, ó fọ́ ọ yángá. 1875 ni Baltimore tó ṣe ohun tó yẹ, tíṣà kan àtàwọn ọmọ iléèwé ló bẹ̀rẹ̀ ìdáwó náà ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá wọ́n kó egungun Virginia wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin, ọdún mẹ́jọ lòkú yín fi wà nílé tí wọ́n ń kó òkú sí kí wọ́n tó rí ààyè sin ín, láìsí òkúta. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ikọ́ ife ló pa yín, èyí tó pa ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. August 1857, ní New York, ọmọ ọdún 42. Wọ́n ní yàrá tí ẹ kú sí, àwòrán mẹ́ta péré ló wà lára ògiri. Tiyín kan. Ti Fanny Osgood kan. Ti Edgar kan.

Ti Fanny yé mi. Tiyín náà, ó dáa, èèyàn fẹ́ràn ara rẹ̀. Ta ló ní kí ẹ gbé ti Edgar kọ́? Kì í ṣe pé ẹnì kan fi ipá gbé e wọlé. Ẹ ra ìṣó, ẹ kàn án. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Tí ikọ́ yẹn bá jí yín lóru, tí ẹ tan fìtílà láti wá omi mu, ibo lẹ máa ń kọjú sí?